Ẹni Tó Sé Òde Jẹ Ilé Ní Gbèsè: Òmìnira àti Ojúṣe Nígbà Àjàkálẹ̀-Àrùn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ti Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ sọ)



Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà Ọbalúayé, ọba tó ni ilẹ̀ gbígbóná. Kí ilẹ̀ ó tutù fún gbogbo wa. Mo júbà ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin olóyè awo, ẹ̀yin àgbà oníṣègùn, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ Ìṣẹ̀ṣe múlẹ̀ ní etí òkun yìí. Ìbà yín ni mo jẹ́ kí n tó la ẹnu.

Àkòrí tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni òmìnira ẹnìkọ̀ọ̀kan àti ojúṣe rẹ̀ nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn bá wọ ìlú. N kò ní sọ̀rọ̀ bí dókítà, nítorí n kì í ṣe oníṣègùn òyìnbó. Ọ̀nà méjì ni mo gbà mọ ọ̀rọ̀ yìí: mo ń dífá, mo sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ohun tí Ìṣẹ̀ṣe kọ́ wa nípa ìlú, àti ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa fúnra rẹ̀ ń sọ, ni mo fẹ́ fi wo ohun tí ojú wa ti rí.

Ìbéèrè méjì ló máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Èkíní, ẹnu àwọn ènìyàn wa ni mo ti ń gbọ́ ọ: “Bí àwa bá kéde ìséde Orò, wọ́n á ní a ń tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú mọ́lẹ̀, wọ́n á fẹ́ gbé wa lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tí ìjọba kéde tiwọn ní 2020, gbogbo ayé wọlé. Kí ló dé tí tiwa fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí tiwọn fi jẹ́ ọgbọ́n?” Èkejì ti ẹnu obìnrin kan tó ń ta ẹja díndín ní ọjà Bọ́ńdàrì wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n sé ìlú nítorí kòrónà ló wá bá mi. Kò wá dífá. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ní kí n jókòó sílé kí n má baà kú. Ó dáa. Ta ni yóò wá gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ mi níbi tí mo jókòó sí?”

Lójú mi, ìbéèrè kan náà ni méjèèjì, ìdáhùn kan náà ló sì wà fún wọn. Ẹni tó bá sé òde mọ́ àwọn ènìyàn ti jẹ ilé wọn ní gbèsè. Ẹni tí wọ́n bá sì san gbèsè náà fún, òun náà jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè: kò gbọdọ̀ fi òmìnira rẹ̀ gbé àrùn lọ bá a. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò kọjá àlàyé gbólóhùn méjì yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ wò, nítorí èdè kì í sọ̀rọ̀ lásán. Nígbà tí kòrónà dé, àwọn oníròyìn orí rédíò àti àwọn ará ìlú wá orúkọ fún òfin tuntun náà, wọ́n ní “kónílé-ó-gbélé”. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́: kí onílé ó gbé ilé. Onílé ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀rọ̀ náà ti gbà pé ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ní ilé, pé ilé náà gbà á, pé ohun tí yóò jẹ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rìn ní Àpápá, ní àdúgbò àwọn ilé ńlá tó ní ọgbà, tó ní omi ẹ̀rọ tirẹ̀, tó ní jẹnẹrétọ̀, ẹ óò rí onílé tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọdá Bọ́ńdàrì sí Ajégúnlẹ̀, ayálégbé ló pọ̀ jù. Ilé féèsì-mí-àì-féèsì-yú ni: yàrá tó kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láàárín, ilé ìwẹ̀ kan, ilé ìgbẹ́ kan, omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà lè wà nínú yàrá kan. Ẹni tó bá ní kí irú wọn gbélé, àárín èrò náà ló ní kí wọ́n wà, nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kò yàtọ̀ sí òde.

Ọ̀rọ̀ tiwa tó dàgbà ju ìyẹn lọ ni ìséde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni sísé òde, bí a ti ń sé odò. Òde ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà dì mú, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tó bá mọ ìséde dáadáa mọ̀ pé ohun mẹ́ta ló gbé e ró. A máa ń kéde rẹ̀ kí ó tó dé, kí oníkálùkù lè palẹ̀ mọ́, kí ó ra iyọ̀, kí ó pọn omi. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe ní òde fún àlàáfíà àwọn tó wà nínú ilé. Ó sì ní òpin. Bí iṣẹ́ náà bá parí, òde á ṣí. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, kì í ṣe ìséde mọ́, àhámọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni òmìnira. Ní ayé ẹrú àti ìwọ̀fà, òmìnira ni à ń pe ẹni tí kò sí lábẹ́ olówó kankan. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ohunkóhun kò dè. Ọmọ agbo ilé kan ni. Ó ń dá owó ẹbọ, ó ń bá wọn tún ọ̀nà odò ṣe, ó ń bá ẹbí sin òkú. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú ni pé ẹnu rẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ ìlú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òmìnira ni kí òun máa ṣe ohun tó wu òun láìbìkítà fún ẹnikẹ́ni, mo mọ̀ pé kì í ṣe inú Yorùbá ló ti mú ìtumọ̀ náà. Bí ìjọba kan bá sì sọ pé ojúṣe ni kí n pa ẹnu mọ́ kí n máa gbọ́ àṣẹ, ojúṣe ẹrú ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó níbí. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti Làìbéríà, Patrick Sawyer, bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed pẹ̀lú àrùn Èbólà lára. Ilé ìwòsàn First Consultants ní Obáléndé ni wọ́n gbé e lọ. Ó fẹ́ máa lọ sí ìpàdé tó tìtorí rẹ̀ wá, èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe ní Calabar. Àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń rọ ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀. Ó ní ọkùnrin náà kò ní jáde.

Ẹ fọkàn sí ìyàtọ̀ tó wà nínú kíkọ̀ yìí. Dókítà Adadevoh sé ọ̀nà mọ́ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn kí ó kọ ẹ̀yìn sí i. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje; Èbólà pa dókítà náà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Gbogbo àwọn tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà jẹ́ 20, àwọn tó kú jẹ́ 8, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlú bí Èkó, tí ọkọ̀ akérò kan lè kó ènìyàn láti ilé ogún, ohun ìyanu ni. Ẹni tó sé òde san gbèsè ilé níbẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló sì fi san án.

Ṣùgbọ́n apá kejì náà wà. Ọ̀kan nínú àwọn tó fara kan Sawyer wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ní Èkó. Ó yẹra fún wọn, ó lọ sí Port Harcourt, ó gba ìtọ́jú ní ìkọ̀kọ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì. Òun yè. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kú. Òmìnira gbé ẹni yẹn dé ibi tó ń lọ, ẹlòmíràn ló san owó ọkọ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àrùn tó ń ràn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnìkan mọ sí ẹnìkan.

Àkókò Èbólà yìí kan náà ni àhesọ gba orí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìròyìn jáde pé àwọn kan kú nídìí rẹ̀. Wọ́n tún ní orógbó ń wo Èbólà, owó orógbó sì gbéra sókè ní ọjà. Orógbó tí à ń fi bọ Ṣàngó! Ẹ̀yin awo, ẹnu wa jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́kàn lé. Bí a bá sọ ohun tí a kò mọ̀, tí ẹni tó gbà wá gbọ́ sì kú, èèwọ̀ ni a dá, ẹbọ rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ká wá bọ́ sí etíkun wa gan-an. Ẹnu èbúté ni àrùn máa ń gbà wọ ìlú yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi ló gbé àrùn gágá tó ń pa gbogbo ayé wọ Èkó láti Gold Coast, tó ti di Gánà lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní Èkó, ojú irin sì gbé àrùn náà bá wọn wọ àárín ilẹ̀. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri wọlé. Ìdí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn fi dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò, àjọ yẹn kan náà ló sì wó ilé ọ̀pọ̀ ìdílé ní àárín Èkó láti 1955. Wọ́n lé àrùn, wọ́n sì lé àwọn tí àrùn pa ní ara mọ́ ọn.

Nígbà tí kòrónà dé, Ààrẹ Buhari sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2020. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n sé Èkó, Ògùn àti Àbújá fún ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, wọ́n fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un. Nínú ọ̀rọ̀ Ààrẹ náà, ó sọ pé èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Èkó kò ní dá iṣẹ́ dúró. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù tó ṣe kókó jáde yóò máa lọ, lẹ́yìn tí àwọn elétò ìlera èbúté bá ti yẹ àwọn awakọ̀ wọn wò. Ìdí náà hàn: bí Àpápá bá tì pátápátá, oúnjẹ, epo àti oògùn kò ní dé ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibí rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ajégúnlẹ̀: ajé gúnlẹ̀. Orúkọ náà ń sọ pé ọrọ̀ ti sọ̀ ka ibí. Ọwọ́ àwọn ènìyàn tó ń gbé ibí ni ẹrù èbúté ti ń kọjá: alábàárù, awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹni tó ń tún táyà ṣe, obìnrin tó ń se ìrẹsì fún àwọn tó ń dúró de ẹrù. Oúnjẹ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ẹrù ní ìwé ìrìnnà, ẹni tó ń jẹun lára ẹrù kò ní. Ọ̀nà ṣí fún kọ̀ǹténà, ó tì fún ìyá ẹlẹ́ja. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn kan wá ń bú ará Ajégúnlẹ̀ pé olórí kunkun ni wọ́n, pé wọn kò mọ òfin, mo máa ń bi wọ́n léèrè pé: kí ni ẹ gbé fún wọn kí ẹ tó ní kí wọ́n jókòó?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò lòdì sí sísé òde. Abala 35 fàyè gbà á kí a dá ẹni tó ní àrùn tó ń ràn dúró, fún ìtọ́jú rẹ̀ tàbí fún ààbò àwùjọ. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú wà níbẹ̀. Abala 45 fàyè gbà á kí òfin dín ẹ̀tọ́ ìrìn àti ẹ̀tọ́ ìpéjọ kù nítorí ìlera gbogbo ènìyàn, bí òfin náà bá bọ́gbọ́n mu ní àwùjọ olóṣèlú àwaarawa. Nítorí náà, ẹni tó ní ìjọba kò lágbára kankan láti sé ìlú kò sọ òótọ́. Ìbéèrè tó kù ni bí wọ́n ṣe lo agbára náà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Àjọ Tó Ń Rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Nàìjíríà ròyìn pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 níbi tí wọ́n ti ń mú òfin náà ṣẹ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní àsìkò yẹn, àwọn tí kòrónà fúnra rẹ̀ pa kò ju 12 lọ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ìséde tó pa ènìyàn ju àrùn tó fẹ́ lé lọ, kí ni a ó pè é? Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, nígbà ìrúkèrúdò EndSARS, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, tí kò jìnnà síbí, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà níbẹ̀. Ìjọba ní àwọn kò tíì pín in tán ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja ti béèrè oúnjẹ yẹn láti oṣù Kẹrin. N kò gbè sẹ́yìn jíjá ilé olílé. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbèsè tí a kò san lọ́jọ́ tó yẹ, ọ̀nà tí kò dára ni olówó rẹ̀ máa ń gbà wá gbà á.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá dúró síbí, inú wa yóò dùn, a ó pàtẹ́wọ́ pé a ti bá ìjọba wí. Ṣùgbọ́n awo tó ń yẹ ilé onílé wò gbọ́dọ̀ yẹ tirẹ̀ náà wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́jà, Ọbalúayé, tí ìwé àwọn òyìnbó ń dárúkọ ní Ṣọ̀pọ̀nná. Kí ilẹ̀ ó tutù.

Ó ti pẹ́ tí àwọn abọ̀rìṣà yìí ti ń yà aláàrùn sọ́tọ̀. Àwọn nìkan ló ń sin òkú ẹni tí Ọba mú. A kì í ṣe òkú rẹ̀ bí a ti ń ṣe òkú yòókù, èrò kì í pé lé e lórí. Ọgbọ́n wà nínú èyí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní àìmọ̀kan lásán ni, kò tíì ronú. Ṣùgbọ́n agbára náà tóbi, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ wọn. Ohun ìní òkú di tiwọn. Ẹ̀rù wọn ba ìlú dé ibi pé ẹnìkan kò lè bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Dókítà Ọgúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn lábẹ́ ìjọba ní Èkó, wọ inú ẹgbẹ́ náà kí ó lè mọ ìdí rẹ̀. Ó ní òun rí i pé àwọn kan nínú wọn ń fi ohun tí wọ́n ha ní ara aláàrùn tan àrùn náà kálẹ̀. Ní 1907, ìjọba amúnisìn fi òfin ka bíbọ òrìṣà náà léèwọ̀. Òfin yẹn kò ya ẹni tó jẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò jẹ̀bi. Ẹ̀sìn odindi ni wọ́n dì lókùn nítorí ìwà àwọn kan. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n Sàpárà kì í ṣe ọ̀tá ìṣègùn ìbílẹ̀. Òun náà ṣe ìwádìí ewé àti egbò, ó sì gbà pé agbára wà nínú wọn. Ohun tó bá jà ni agbára lórí àrùn tí kò ní ẹni tó ń bi í. Bí àwọn àgbà wa bá ti bá ara wọn wí ní agbo ilé, òyìnbó kò ní rí okùn tí yóò fi dì wá.

Ọgbọ́n ìgbàanì kò sì ṣègbé. Àwọn ará Áfíríkà ti ń fi oró àrùn náà síni lára díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà pa ni, kí dókítà Boston kankan tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, ló sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather. Nígbà tí àrùn náà wọ Boston ní 1721, dókítà Zabdiel Boylston ṣe é fún ènìyàn tó lé ní 200, ikú sì dín láàárín wọn gan-an ju ti àwọn tí àrùn mú fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wá bá yín pé abẹ́rẹ́ àjẹsára lòdì sí Ìṣẹ̀ṣe, ẹ bi í pé òrìṣà wo ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbẹ́rẹ́ ni àwa ń sín, a sì ń fi oògùn sí i. Abẹ́rẹ́ àti gbẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá láyé. Ọbalúayé kò tán. Ní Brazil, wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ń pè é ní Olubajé. Gbogbo ẹni tó bá wá ni wọ́n ń bù oúnjẹ fún lórí ewé, wọ́n sì ń fi gúgúrú bọ ọ́. Ẹ gbọ́ o: òrìṣà tó ni àrùn ni òrìṣà tó ń bọ́ èrò. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò jẹ́ kí apá yìí sọnù.

Ẹnìkan lè ní, “Orí mi ni mo yàn, òun ni yóò gbà mí.” Òótọ́ ni pé ẹnìkọ̀ọ̀kan ló kúnlẹ̀ tó yan tirẹ̀. Ìdí nìyí tí Ìṣẹ̀ṣe kò fi ń fipá mú ẹnikẹ́ni bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ méjì ló wà. Èèwọ̀ orí mi wà, bí mo bá jẹ ẹ́, èmi ni yóò mú. Èèwọ̀ ìlú wà, bí mo bá jẹ ẹ́, ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló lè kú sí i. Ẹbọ méjì náà ló wà: ẹbọ tí mo ń rú fún ara mi, àti ẹbọ ìlú tí gbogbo ilé ń dá owó rẹ̀. Àjàkálẹ̀-àrùn bọ́ sí abẹ́ èkejì nínú méjèèjì. Àrùn jẹ́ ajogun, kì í béèrè orúkọ orí kí ó tó wọlé. Ẹni tó bá wọ àárín ọjà pẹ̀lú ikọ́ àti ibà, tó ní orí òun ń gbè òun, orí òun nìkan ló rò. Kò ro orí ìyá tó jókòó tì í.

Kí wá ni kí a ṣe? Àrùn mìíràn ń bọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, àrùn omi tí kò mọ́ àti ìgbẹ́ ni. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ojúṣe nìkan lé onígbáméjì ní ilé tí kò ní omi. Ìjọba ló jẹ àdúgbò ní gbèsè omi. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ohun tó wà ní ọwọ́ wa.

Ní ojúbọ wa, nígbà àrùn, kí igbá omi kan ṣoṣo má máa ti ẹnu dé ẹnu. Kí a fi ọbẹ tó mọ́ gé obì, kí oníkálùkù mú tirẹ̀. Kí a má fi ẹnu fọ́n ọtí sórí ènìyàn. Ẹbọ kò ní tìtorí èyí má fín. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láìsí èrò rẹpẹtẹ. Arugbá gbé igbá, Ọ̀ṣun sì gba ẹbọ rẹ̀. Èrò ni wọ́n dín kù, wọn kò dín ìsìn kù.

Nídìí ọpọ́n, bí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́, bá wá dífá, ẹ dá a fún un kíákíá, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò Ajérọ̀mí kò jìnnà. Ẹ má dá a dúró sílé yín fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí owó ètùtù. Awo tó fi aláìsàn ránṣẹ́ síbi tí yóò ti yè kò dín ní awo.

Ní ti ìséde wa, ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti dun àwọn kan nìyí. Bí a bá fẹ́ kí ayé bọ̀wọ̀ fún un, kí a fi òṣùwọ̀n tí a fi wọn ìjọba wọn ara wa. Kí a kéde rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí aládùúgbò tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa náà mọ̀. Kí ó mọ ní òpin. Bí aboyún bá ń rọbí ní alẹ́ Orò, tàbí bí ọmọ bá ń gìrì, kí ọ̀nà ilé ìwòsàn ṣí fún un, kí ẹgbẹ́ wa fúnra wọn yan ẹni tí yóò sìn ín lọ. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní èyí kò sí tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé ẹ̀mí ènìyàn ni Orò ń torí rẹ̀ jáde. Ìséde tó bá pa aboyún ti sọ iṣẹ́ tó torí rẹ̀ wáyé nù, gẹ́gẹ́ bí ìbọn agbófinró ṣe sọ tirẹ̀ nù ní 2020. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: tiwa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tiwọn kì í sì í ṣe ọgbọ́n, títí tí ẹni tó sé òde yóò fi san gbèsè ilé.

Ní ìparí, kí ẹgbẹ́ wa ní àpótí kan fún àdúgbò. Kí a máa dá owó sí i nígbà tí ara le, kí ìrẹsì, gàrí àti ọṣẹ wà níbẹ̀ kí àrùn tó dé, fún ẹlẹ́sìn wa, fún Mùsùlùmí, fún Kìrìsìtẹ́nì. Bí a bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ó ní ẹnu láti sọ fún ẹlẹ́ja pé kí ó jókòó. Òun náà, tó ti jẹun, yóò ní ìdí láti gbọ́.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a rí àjàkálẹ̀. Bí ó bá dé, kí ó bá wa ní ilé tó ti pèsè sílẹ̀. Kí ilẹ̀ Àpápá ó tutù, kí ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ó tutù, kí ajé tó gúnlẹ̀ síbí ó kárí gbogbo wa.

Àbọrú, àbọyè. Àṣẹ.